Ogójì Ìṣẹ́jú-Àáyá Tí Mo Dà Nù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ìwé tuntun. Màmá ló rà á fún mi. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n yẹ kó ní ìwé kan tí kò ní nọ́mbà nínú. Mo ti fi nọ́mbà sí gbogbo ojú ewé rẹ̀ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìwà ni.

Pósítà ti jáde. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mọ́ ara ilé-ìkàwé, àní mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin. Àwòrán mi ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí nǹkan. Lábẹ́ rẹ̀: *Bí Àwọ̀n Sẹ́ẹ̀lì Ọpọlọ Ṣe Ń Gbàgbé Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀*. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Bí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ mi tán, ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí. Bí wọ́n bá gbà, mo di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Mo fi ọ̀kan han Màmá. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Kí ló gbàgbé?" Mo ní sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ó gbàgbé?" Mo ní ìdọ́gba ìṣirò mi ni. Wọ́n lọ gbé omi kaná.

Kí n tiẹ̀ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún wọn. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan kì í dá nǹkan ṣe. Á kọ mànà, èkejì á gbọ́, òun náà á kọ mànà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún á tẹ̀ lé e. Gbogbo wọn tó so pọ̀ là ń pè ní àwọ̀n. Èmi kì í fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì. Ìdọ́gba ni mo ń kọ. Kọ̀ǹpútà á ṣe bí ẹni pé òun ni sẹ́ẹ̀lì, èmi á máa wo bátànì tí mànàmáná wọn ń yà. Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ni mo fi ẹ̀rí hàn pé ibi yòówù kí àwọ̀n náà ti bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló ń gúnlẹ̀ sí: gbogbo wọn á kọ mànà pọ̀, wọ́n á dákẹ́ pọ̀, bí èèyàn ṣe ń mí. Mo wá fi gbólóhùn kan kún un: "Àwọ̀n náà kì í rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀." Gbólóhùn yẹn ló gbé mi dé ibi tí mo dé. Àwọn tí n kò rí rí ń fà á yọ nínú ìwé tiwọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Láàbù Ìyá Àwo. (Akẹgbẹ́ mi ni, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Inú àwo kéékèèké ló ti ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bí ẹni tọ́ ọmọ — oúnjẹ lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, àpótí olóoru, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín sí wọn.) Yàrá náà tutù, ó ń rùn bí ọtí ìfọwọ́. Ó gbé àwo kan jáde. Kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú nìkan ni ojú mi rí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgọ́ta wáyà tín-ín-tín wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń bá ara wọn sọ.

Ó gbé e lé ẹ̀rọ. Àmì pupa kan wà létí àwo. Àmì yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Òfin ilé rẹ̀ nìyẹn, kí ojú kọ̀ǹpútà lè mọ ìyàtọ̀ láàárín igun kan àti èkejì. Lẹ́yìn tó ti dúró díẹ̀, ó yí ohùn ẹ̀rọ sókè. Pà-pà-pà-pà. Ìdákẹ́. Pà-pà-pà-pà. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, orí mi ṣì ń wú. Wọn kò lójú, wọn kò létí, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ayé wà, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀.

Ó ní òun ní ohun tí yóò pa mí lẹ́rìn-ín. Tó bá gbé àwo sórí ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú méjì ló máa ń fi dúró kí ara wọn tó balẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó fi òtútù mú àwo keje sùn, ó jí i, ìka rẹ̀ sì tẹ bọ́tìnnì kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ó fi ohun tí ẹ̀rọ kọ hàn mí. Mànàmáná wọn kò kọ pọ̀. Ó ń yí po láti wáyà dé wáyà, bí ẹni tó ń tá ràrà wá ilẹ̀kùn nínú yàrá tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ó balẹ̀.

Mo ní, "Ọwọ́ ẹ ló gbọ̀n." Ó ní bóun náà ṣe rò ó nìyẹn. A rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé e lọ, kí n fi pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì pè. Iwájú pátápátá ni wọ́n fẹ́ jókòó sí. Olùkọ́ mi ni wọ́n. Ẹfun ìkọ̀wé kì í tán lápá ẹ̀wù wọn, àní lọ́jọ́ ìsinmi. Ohun tí wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Má ka ìbẹ̀rẹ̀. Da ìbẹ̀rẹ̀ nù, jẹ́ kí nǹkan balẹ̀, kí o tó wọ̀n ọ́n."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ìyàwó tó ń gbé lókè wa gbé ọmọ tuntun dé láti ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, Màmá ti wà lórí àtẹ̀gùn. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi ṣe agbẹ̀bí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ wọn ni kò tíì gbọ́.

Ìbínú ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn bi ìyá ọmọ pé kí lọmọ ṣe ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kò mọ̀. Àwọn bi bàbá ọmọ, fóònù ló ń wò. Mo ní, "Màmá, ìṣẹ́jú kan péré? Ọmọ ò kúkú tíì balẹ̀ nígbà yẹn." Wọ́n fi ojú tí wọ́n fi ń wo akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí wò mí.

"Ìwọ yìí náà! Tó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ọmọ tuntun ló jọra. Wọ́n á mu, wọ́n á sùn, wọ́n á tọ̀ sí èèyàn lára. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n fi ń sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ fún ẹ. Èmi kì í fi ṣeré o. Mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Òótọ́ ni. Ìwé ẹlẹ́yìn dúdú mọ́kànlá ló wà nínú àpótí wọn, ìlà kan fún ọmọ kan. Láti kékeré ni mo ti ń rí wọn, n kò ṣí ọ̀kan rí. Oníná — ọkọ mi, iṣẹ́ iná ló ń ṣe — gbè sẹ́yìn mi: kò sí oníṣẹ́ iná tó ń ka mítà kí ẹ̀rọ tó dúró déédéé. Màmá ní ó dáa, ká máa fi mítà gbẹ̀bí nígbà náà.

A rẹ́rìn-ín títí. Abọ́ ni mo ń fọ̀ lọ́wọ́, ni ọwọ́ mi bá dúró nínú omi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìlà kejìlélúgba nínú ètò kọ̀ǹpútà mi. Mo mọ̀ ọ́n lórí. "Da ogójì ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́ nù." Ọdún mẹ́tàdínlógún. N kò wo inú rẹ̀ rí. Kò wá sí mi lọ́kàn pé nǹkan wà níbẹ̀ — ta ló ń yẹ èèpo wò?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo pa ìlà náà rẹ́. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wà ní títì. Aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn lórí tábìlì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pariwo lábẹ́ fèrèsé.

Ó ń yí po.

Ìdọ́gba tèmi. Tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ìgbì kan gbéra ní igun kan, ó yí gbogbo àwọ̀n náà po lẹ́ẹ̀marùn-ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò kánjú rárá, ó fọ́, ó balẹ̀, ó wá di mímí tí mo mọ̀ látọjọ́ yìí. Bí ti àwo keje gẹ́lẹ́. Mo tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ìdí mi kò gba àga mọ́. Mo dìde, mo lọ kọjú sí ògiri, mo padà wá. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù tó dùn. Ó dà bí ẹni tó ti ń gbé ilé kan fún ọdún mẹ́tàdínlógún, tó sún kọ́bọ́ọ̀dù, tó rí ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀, tó ṣí i — yàrá ni, iná ibẹ̀ sì wà ní títàn.

Ọlọ́run tóbi. N kò mọ ohun mìíràn tí mo lè kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo tún àwọn okùn tó so sẹ́ẹ̀lì pọ̀ tò nínú kọ̀ǹpútà, ogún ọ̀nà, ogún àwọ̀n. Òpin wọn: ọ̀kan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn: ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ìgbà mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, èyí láti igun òsì, èyí láti àárín. Kò sí méjì tó jọra. Bí mo bá sì mú ọ̀kan sùn tí mo tún jí i, ibi tó ti gbéra lánàá ló tún ti ń gbéra, iye ìgbà tó yí lánàá ló tún ń yí.

Ó rántí. Èmi sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri pé ó gbàgbé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Màmá bi mí pé ta ló kú. Mo ní gbólóhùn kan ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbé e tọ Bàbá Ṣọ́ọ̀kì lọ nílé. Pátákó dúdú wà ní pálọ̀ wọn níbi tí àwọn ẹlòmíì ń gbé tẹlifíṣọ̀n sí. Wọ́n wo ìgbì náà lórí kọ̀ǹpútà mi, ojú wọn ò yí padà. Wọ́n ní ìdọ́gba lè máa ṣeré, sẹ́ẹ̀lì kì í bá a ṣe é. "Àwo kan ṣoṣo, tí ọwọ́ obìnrin kan gbọ̀n lé lórí. Ṣé ìyẹn lo fẹ́ fi wó ilé tí o fi ọdún mẹ́tàdínlógún kọ́?" Wọ́n ní kí n sọ ohun tó wà lórí pósítà. Kí n gba oyè mi. Kí n wá máa fara balẹ̀ wádìí ìyókù. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́. Wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbọn ẹfun kúrò lápá ẹ̀wù mi — lára wọn náà ló ti ràn mí.

Nínú mọ́tò, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Kò sẹ́ni tó ń ka ìwé yìí, kí n sọ ọ́: mo fẹ́ oyè yẹn. Mo fẹ́ kí Màmá jókòó kí wọ́n pe ọmọ wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n lójú wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Kì í ṣe irọ́ nígbà tí mo kọ ọ́ o. Àìmọ̀ ni. Bí mo bá tún un sọ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ló di irọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àwo. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàbù ló jókòó sí, tòun taṣọ funfun. Ọdún mẹ́sàn-án lòun náà ti ń da ìṣẹ́jú méjì nù lójoojúmọ́. "Ah. Kí la ti dà nù?" Ó sọ ọ́ tó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn ìdí, ó di ọ̀gágun.

Ètò wa: ó ní àkọsílẹ̀ oṣù kan lórí àwo márùn-ún, yóò kó o fún mi kí n fi mọ bí sẹ́ẹ̀lì inú àwo kọ̀ọ̀kan ṣe so mọ́ra. Èmi yóò kọ ìdọ́gba tirẹ̀ fún kálukú. N ó sọ ọ́ ṣáájú, igun wo, ẹ̀ẹ̀mélòó, n ó fi sínú àpòòwé. Òun yóò wá mú wọn sùn, yóò jí wọn, kò sì ní dúró. Bí àwọn àwo bá ṣe bí mo ti kọ ọ́, gbólóhùn mi kú. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá Ṣọ́ọ̀kì ló jàre, màá sọ ohun tó wà lórí pósítà.

N kò mọ èyí tí mo ń gbàdúrà fún.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Ìṣirò. Ìṣirò. Oníná gbé tíì wá. Ó gbé e lọ ní tútù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ti lẹ àpòòwé náà. Oníná fi tépù dúdú tó fi ń wé wáyà wé e yíká lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó ní òun ò gba ẹ̀rí tí wọn ò fi tépù wé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kí n kọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Èmi, Ìyá Àwo, àpòòwé. Ọ̀bẹ la fi gé tépù Oníná. Àwo kìíní: mo ti kọ igun fèrèsé, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ó jí i. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà wáyà kan, igun fèrèsé. Ìyá Àwo ń kà sókè bí ọmọ iléèwé: ọ̀kan… èjì… ẹ̀ta… ẹ̀rin. Ó fọ́. Ó balẹ̀. Àwo kejì, àárín, ẹ̀ẹ̀méje: bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀kẹrin — mo ti fọwọ́ bo ojú, mo ń gba àárín ìka wò ó — bẹ́ẹ̀ ni.

Àwo karùn-ún. Mo kọ igun ẹnu ọ̀nà, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Igun ògiri ló ti gbéra. Òdìkejì pátápátá. Ó sì yí po lẹ́ẹ̀mẹ́jọ.

Igun kan tó ṣìnà tó láti sọ pé àwọn mẹ́rin yòókù ṣèèṣì ni. Bí Bàbá Ṣọ́ọ̀kì yóò ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo ti ń wá báàgì mi. Ìyá Àwo lọ síbi ẹ̀rọ, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Wá wo nǹkan," ló wí.

Àmì pupa kọjú sí ògiri.

Ó gbé àwo sódì. Òun! Ọdún mẹ́sàn-án, kò gbé àwo sódì rí. Ọkàn rẹ̀ wà lára àpòòwé yẹn ni. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó dá a padà síbi tó yẹ, ó mú un sùn, ó tún jí i. Igun ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ.

A gbé e sódì, kò sì torí ìyẹn gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sódì. Nǹkan tí kò tó ìdérí ìgò. Ẹnu mi kò padé títí mo fi délé. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ayọ̀ ni, ìbẹ̀rù ni, n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo pe Bàbá Ṣọ́ọ̀kì. Mo sọ ọ́ fún wọn, àwo máràárùn-ún. Wọ́n ní, "Èmi ni mo ní kí o máa dà á nù." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n pa fóònù. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n wá. Iwájú, àga kejì. Màmá ní àga kìíní, báàgì lórí ẹsẹ̀.

Alága ka àkòrí mi láti ara pósítà, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Mo ka gbólóhùn mi sókè: "Àwọ̀n náà kì í rántí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀." Mo ní, "Èmi ni mo kọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó gbà mí gbọ́." Mo rí alága ìgbìmọ̀ tó ṣí bírò. Mo rí ẹnìkan lẹ́yìn tó tún pósítà náà kà. Mo ní kí wọ́n pa iná, mo sì fi àwo karùn-ún hàn wọ́n lára aṣọ funfun ńlá tí wọ́n ta sára ògiri, ogójì ìṣẹ́jú-àáyá, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Ìgbì náà gbéra, ó ga ju èèyàn lọ. Ó ń yí. Ìgbà tó balẹ̀, mo gbọ́ bí gbogbo gbọ̀ngàn ṣe mí.

Bàbá Ṣọ́ọ̀kì dìde. Mo rò pé wọ́n ń lọ ni.

"Tún un ṣe," ni wọ́n wí, ohùn wọn kò tó nǹkan. "Tún un ṣe, kí n rí i."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo tún un ṣe. Ní ìgbà kẹta wọ́n ti dé ìdí aṣọ funfun náà, ìka wọn ń tẹ̀ lé ìgbì yẹn yípo yípo, ẹnu wọn ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bàbá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Nígbà tí wọ́n tan iná, òbìrìkìtì ẹfun kan wà lára aṣọ náà. Kò sẹ́ni tó nù ún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ̀wé láàárọ̀. Wọn kò ní jókòó lórí ọ̀rọ̀ oyè mi títí wọn yóò fi ka iṣẹ́ tuntun náà látòkèdélẹ̀. Ó lè tó ọdún kan. Mo kà á fún Màmá. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ rí i. Ó dùn mí, mo sì sunkún díẹ̀.

Wọ́n lọ sí yàrá wọn, mo gbọ́ ìró àpótí, wọ́n padà wá pẹ̀lú ọ̀kan nínú ìwé ẹlẹ́yìn dúdú wọ̀nyẹn. Wọ́n ti fi ìka sáàárín rẹ̀. Wọ́n ní, "Ka ibí."

Ọjọ́ ìbí mi ni. Ìlà kan, bíi ti gbogbo ọmọ yòókù: "Obìnrin. Kò ké. Ó kọ́kọ́ wo gbogbo yàrá yíká, ẹ̀ẹ̀mejì, ó wá wo iná. Lẹ́yìn náà ló tó ké."

Mo kà á títí ojú mi fi ṣú. Mo bi wọ́n pé agbẹ̀bí wo ló bá wọn kọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé àwọn gan-an ló bímọ lọ́jọ́ yẹn.

"Agbẹ̀bí wo?" ni Màmá wí. "Mo ní kí wọ́n gbé bírò fún mi."

Mo tún ìlà náà wò. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ wọ́, wọ́n sì ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ gbogbo rẹ̀ ló ṣe é kà.